Ìṣó Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn

Ọmọkùnrin kan ti Lọ́ńdọ̀nù wá, ó ní òun ń ra fìlà àtijọ́,
irú èyí tó rí pẹlẹbẹ, tó ní ètè kékeré níwájú.
Ó ní àwọn ọ̀dọ́ ti ń dé e báyìí. Ó ní pọ́n-ùn mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.
Mo ní kó jókòó. Mo gbé omi tíì kaná.

Fìlà bàbá mi àgbà ṣì wà lórí ìṣó,
irun àgùntàn ni, aláwọ̀ eérú tó ti ń di àwọ̀ ilẹ̀.
Énọ́kù Sugden, ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ Crabtree,
yàrá tí wọ́n ti ń fọ irun,
ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta.
Ọ̀rá ara àgùntàn ti mu ètè rẹ̀ débi pé
òjò Yọ́kṣáyà kì í ráyè wọ̀ ọ́,
ńṣe ló ń yọ̀ dànù, bí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́gàn létí olówó fìlà.

Kì í ṣe fìlà nìkan. Àpò ni.
Ẹyin ẹyẹlé méjì ló fi gbé wálé láti ọ̀dọ̀ Wilfred Horsfall,
máìlì mẹ́ta, orí rẹ̀ lásán nínú yìnyín.
Ọ̀kan di òbu. Èkejì pa, a sọ ọ́ ní Bíṣọ́ọ̀bù.
Nígbà ìyanṣẹ́lódì, òun ni wọ́n fi gba owó kiri:
tọ́rọ́, kọ́bọ̀, sísì méjì,
àti bọ́tìnnì kan, ti ẹni tójú tì
láti na ọwọ́ òfìfo kọjá.

Ọ̀gá Crabtree a máa wọlé láago mẹ́fà,
gbogbo fìlà a ṣí, bí ewé tí atẹ́gùn gbá.
Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ jẹ ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọmọ Hepworth,
tí ọ̀gá ní àìfarabalẹ̀ ọmọ náà ni,
ti Énọ́kù kò kúrò lórí.
“Òtútù ń mú mi, sà,” lohun tó sọ.
Oṣù Keje ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láìsí owó. Ìyá àgbà ń ta síbí ìgbéyàwó rẹ̀
ní ọ̀kọ̀ọ̀kan,
kò sì bi í ní ìdí.

Ṣùgbọ́n bí pósí bá ń kọjá lójú títì,
àní òkú ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀,
á ṣí i, á dì í mọ́ àyà,
òjò á máa lu apárí rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí wọ́n gbé tirẹ̀ jáde.
Àwọn ọkùnrin tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri láti ẹnu ọ̀nà wa dé orí òkè,
wọ́n ṣí fìlà lẹ́ẹ̀kan náà,
mo sì rí ohun tí n kò rí rí:
orí wọn jẹ́ àwọ̀ méjì.
Láti ìpéǹpéjú wá sílẹ̀, èéfín, oòrùn, ọtí.
Lókè, níbi tí fìlà ń bò, funfun báláú,
bí orí ọmọ ìkókó.
Mo rẹ́rìn-ín. Ìyá mi fún mi ní ìfọ́tí.
Títí dòní n kò rí ẹni ṣàlàyé fún pé kì í ṣe ẹ̀fẹ̀.

Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù dé e, ó wo dígí.
Fìlà ṣubú dé ojú, ó gbé etí méjèèjì mì.
Orí ló ń gbé fìlà níyì;
orí tiẹ̀ kò tíì ru nǹkan kan.
Ó gbóòórùn rẹ̀. “Kí lèyí?”
Mo ní àgùntàn, tábà, ẹyẹlé.
Mo ní pọ́n-ùn ogójì.

Ó san án.
Ẹ má bi mí. Òrùlé ń jò.

Lọ́jọ́ kejì mo fi aṣọ ìnuwọ́ kọ́ síbẹ̀.
Kò dúró. Ó ń já bọ́ ṣáá.
Mo wá wò ó dáadáa:
ìṣó náà ti tẹ̀, ó kọrí sílẹ̀.