Kóró Kajú Kan

Lọ́jọ́ tí ìjì ṣí òrùlé ilé-ìwé Òkè-Aáyán
ní ẹ̀yìn Ògbómọ̀ṣọ́,
páànù mẹ́tàdínlógún ló fò lọ sóko Bàbá Ọ̀jẹ́dìran.
A ṣa mẹ́sàn-án padà. Ìyókù,
ẹni tó rí i kò sọ.
Àwọn ọmọ pírámárì kẹta kó síléètì wọn
wá sábẹ́ igi kajú,
wọ́n ń ṣe ìṣirò, èso ń já lé wọn lórí.

A dáwó. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà, òbí kọ̀ọ̀kan.
Ìyá Ṣẹ́gilọlá ta ewúrẹ́ kó tó pé,
èmi yọ tèmi nínú owó ẹ̀gẹ́ tí mo bó lóko olóko.
A kó o fún ìgbìmọ̀ alábòójútó,
ènìyàn márùn-ún tí a fọwọ́ ara wa yàn.
Ọkọ mi wà níbẹ̀.
Láníhùn ni akápò.

Oṣù kan. Oṣù mẹ́ta.
Díákónì Oyèdòkun, alága, ní páànù ń bọ̀ láti Ìbàdàn.
Páànù wo ló ń fẹsẹ̀ rìn láti Ìbàdàn?
Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, èyí tó tẹ̀lé e rọ̀,
Tinúadé ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́,
ìwé rẹ̀ wú bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi.

Ọjọ́ Sátidé ni a pé jọ.
Ọ̀gá ilé-ìwé gbé abọ́ méjì kalẹ̀ sínú kíláàsì tí kò lórùlé:
abọ́ funfun, kí wọ́n dúró;
abọ́ tí ẹnu rẹ̀ ti ya, kí wọ́n sọ̀kalẹ̀.
Kóró kajú kan fún òbí kan.
A ta aṣọ ìkélé sẹ́nu ọ̀nà,
à ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ n sọ òtítọ́ nípa ọkọ mi:
kò jí owó.
Wọ́n ní kó tọwọ́ bọ̀wé, ó tọwọ́ bọ̀wé.
"Díákónì ló ní kí n fọwọ́ sí i,"
bó ṣe wí fún mi lóru nìyẹn, tó kọjú sí ògiri.
Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀:
mo ti mọ òwe yẹn láti kékeré,
n kò mọ̀ pé ilé mi ni yóò wá sùn.

Ojú ọ̀run là sílẹ̀ lókè orí mi.
Kóró náà ti gbóná lọ́wọ́.
Mo rántí ọdún tí mo dùbúlẹ̀ àìsàn,
tí Láníhùn ń fọ aṣọ mi lódò,
tí àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í rẹ́rìn-ín.
Mo rántí ikọ́ Tinúadé.
Kóró kajú kò wúwo, kò tó nǹkan.
Mo sọ ọ́ sílẹ̀. Ó dún.

Wọ́n kà á lójú gbogbo wa:
mẹ́rìnlá, kí wọ́n dúró; mọ́kànlélọ́gọ́ta, kí wọ́n sọ̀kalẹ̀.
Díákónì ní kí wọ́n tún un kà.
Nígbà kejì, ẹyọ kan dín.
A wo ilẹ̀, a wo abẹ́ tábìlì,
àṣé ọmọ kékeré kan ti mú un, ó fẹ́ fi ta ayò.
Díákónì pàápàá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì.
Ó fi kọ́kọ́rọ́ lélẹ̀, ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ.
Ọkọ mi dúró.
Ó gbé ìwé owó síwájú ọ̀gá ilé-ìwé, ó ní,
"Ojú ìwé kẹsàn-án ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀."

Lálẹ́, mo gbé láfún síwájú rẹ̀.
Ó bu òkèlè, ó dá a padà sínú abọ́.
"Èwo lo sọ tìrẹ sí?"
Òjò ti ń ṣú lápá Ìkòyí.
Mo ní, "Jẹun, kó má tutù."
Ó wo ọwọ́ mi pẹ́.
Ó jẹun.

Ní kùtùkùtù ọjọ́ Ajé,
mo jáde lọ gbálẹ̀,
n kò bá àkàbà wa lẹ́yìn ilé.