Ogún Tó Sọnù Nínú Mítà

Ní Arákalẹ̀, nílùú Àkúrẹ́, lẹ́yìn òjò àárọ̀,
mo tú rédíò Bàbá Orímóyègún sórí tábìlì.
Bátìrì méjì, fólítì mẹ́ta, ẹjọ́ kan ṣoṣo:
"Ó ń jẹ bátìrì bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà.
Bá mi wo iye tó ń jẹ."

Mo gé ọ̀nà iná sí méjì,
mo ki mítà sáàárín bí afárá.
Kọ́ráǹtì kì í ṣe ohun tí a ń dúró lókèèrè wò;
inú ẹni tó fẹ́ kà á ló ń gbà kọjá.
Mítà ní ọgọ́rùn-ún.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé: mílíámpù ọgọ́rùn-ún.

Ọ̀gá mi, Akíntìmẹ́yìn, kò tilẹ̀ wojú mítà.
Rédíò ló tẹ́tí sí.
"Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Ìwọ kò gbọ́?
Ẹni tó ń ka ìròyìn ń sọ̀rọ̀ bí ẹni fọwọ́ bo ẹnu."
Mo yọ mítà, mo fi wáyà so ọ̀nà pọ̀:
ohùn gbéra, ó kún ṣọ́ọ̀bù.
Mo dá mítà padà: ohùn wólẹ̀.
Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta nítorí ó yà mí lẹ́nu,
títí oníbúrẹ́dì iwájú wa fi pariwo
pé ṣé a ò ní jẹ́ kí òun gbọ́ ìròyìn parí ni.

Ọ̀gá tú ìdí mítà fún mi.
Fíúsì tín-ínrín bí irunmú ológbò,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, rẹsísítọ̀ kan tí kò tó èékánná ọmọ tuntun.
"Ojú tí mítà fi ń ríran nìyẹn.
Iná ń kọjá, ó ń já díẹ̀ sílẹ̀ fún un,
díẹ̀ yẹn ló ń kà fún ọ.
Pẹ̀lú fíúsì, pẹ̀lú wáyà ọwọ́ rẹ tó ti gbó,
òòmù márùn-ún ni gbogbo rẹ̀.
Kò tó nǹkan, àbí? Ṣírò ó."

Mo ṣírò ó lẹ́yìn páálí bátìrì.
Mẹ́ta ló jáde nílé, méjì àbọ̀ ló dé ọ̀dọ̀ rédíò;
àbọ̀ yà sọ́dọ̀ ẹni tó ní òun kàn ń kà á ni,
bí akọ̀wé tó ń ka iṣu nínú abà,
tó ń kà, tó ń sun jẹ,
tó wá búra pé iye tó kù ni iye tó wà.

"Bátìrì mọ́tò kò ní fura," Ọ̀gá ní,
"kí ni àbọ̀ nínú fólítì méjìlá?
Ilé tálákà ni ṣíbí iyọ̀ kan ti ń dá ìjà sílẹ̀."

Ó fa wáyà pupa yọ, ó kì í bọ ihò kejì,
ihò ńlá tí wọ́n kọ mẹ́wàá sí,
níbi tí irin kúkúrú, irin tó nípọn, ti ń ṣọ́nà
láìbu owó ibodè lé ẹnikẹ́ni.
Rédíò kò mọ̀ pé a wà níbẹ̀.
Òdo, àmì, ookan, eéjì.
Ọgọ́fà.
Ojú ibẹ̀ kò mú tó ti àkọ́kọ́, kò rí ẹyọ wẹ́wẹ́,
ṣùgbọ́n kì í jí nǹkan.
Mo fa igi lé ọgọ́rùn-ún.

Lọ́jọ́ Sátidé mo wọkọ̀ lọ wo ìyá mi ní Oǹdó.
Ó ti gbálẹ̀ kí n tó dé, ó ti kun àtíkè,
ó gun àtẹ̀gùn níwájú mi bí ọmọge.
"Ara mi le," ó ní. Ó kù díẹ̀ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.
Ọmọ ayálégbé ló rẹ́rìn-ín:
"Ọjọ́ tí ẹ bá ń bọ̀ nìkan ni Màmá ń gòkè."

N kò bi í léèrè mọ́.
Mo jókòó sẹ́yìnkùlé, mo ń ṣa ẹ̀wà,
n kò wò ó, n kò pè é,
títí ó fi gbàgbé pé mo wà nínú ilé,
tí ikọ́ náà sì bẹ̀rẹ̀.