Ìgbín Irin

Ní Kalix, níbi tí oòrùn oṣù Kejìlá ti ń yọjú
bí onígbèsè, tí yóò sì sá padà kí ọ̀sán tó pọ́n,
Torkel ẹ̀gbọ́n mi ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì Saab tí bàbá wa fi sílẹ̀.
Ó ní, "Di tọ́ọ̀ṣì mú, Ragnhild. Má jẹ́ kó mì."
Mo dì í mú. Èmi gan-an ni òtútù ń mì.

Ìgbín kan wà nínú ẹ́ńjìnnì náà, ìgbín irin,
ó lọ́ mọ́ra rẹ̀, èéfín gbígbóná ló ń lé e nírẹ̀.
Ẹni tó ń fi ìgbín bú ọ̀lẹ
kò tí ì gbọ́ bí èyí ṣe ń súfèé.
Torkel ní ìjọba ló so òkúta mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.
Mo ní ìgbín kò lẹ́sẹ̀.
Kò rẹ́rìn-ín.

Ó kọ́kọ́ tú fáàfù tó ń dá èéfín padà sẹ́nu ẹ́ńjìnnì
kí ó tún un jẹ, bí ewúrẹ́ tó ń jẹ àpọ̀jẹ.
Inú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.
Ó fi irin pẹlẹbẹ dí ojú ihò, ó dè é pinpin.
Ó yọ agolo èédú tó ń fa òórùn epo mọ́ra
kí ó má baà fò lọ.
Ó kan àwọn páìpù rọ́bà tín-ín-rín. Mo kà wọ́n: mẹ́tàdínlógún.
Bàbá wa ti fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan;
eéje rẹ̀ a máa di àmùrè mọ́ àárín.
Torkel gé eéje sí méjì. Kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó gé àgbá kékeré ojú ọ̀nà èéfín.
Ó là á. Afárá oyin ni mo rí,
ihò wẹ́wẹ́ tí kò lóǹkà, kò sí oyin, kò sí oyin tó ń ta ni,
eérú díẹ̀ ló dà sí àtẹ́lẹwọ́ mi.
"Pẹ̀lẹ́," ni mo wí. N ò mọ ẹni tí mò ń kí.

Ká má purọ́: ó dùn.
Gáréèjì mì tìtì, ìgbín ké, orí mi wú.
A sáré dé etí òkun tó ti dì, yìnyín ń fò lẹ́yìn wa,
Torkel ń rẹ́rìn-ín tí n kò gbọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú.
Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e;
àwa méjèèjì, inú ìkarahun la wà.

Ní ọjọ́ kẹta, Gunvor tó ń gbé òdìkejì kan ilẹ̀kùn.
Ìta ló máa ń sá aṣọ sí, òtútù ìbáà jẹ́ òtútù kí ni.
Ó gbé àpò ìrọ̀rí kan dání, ó le gbagidi bí pátákó.
Kò bínú. Kò gbóhùn sókè.
"Ẹ gbóòórùn rẹ̀."
Torkel gbóòórùn rẹ̀. Èmi náà gbóòórùn rẹ̀.
Ó ní, "Bí bàbá yín bá rí aṣọ mi lórí okùn,
ńṣe ló máa ń pa iná ọkọ̀ lórí òkè lọ́hùn-ún,
ọkọ̀ á yọ́ wọlé bí ológbò."
Ó fi àpò ìrọ̀rí sílẹ̀ lórí tábìlì, ó lọ.

Oṣù Karùn-ún ni àyẹ̀wò ọkọ̀.
Lóru àná mo bá Torkel nínú gáréèjì, ó lóṣòó,
ó to rọ́bà sílẹ̀ níwájú bí ẹni tó ń to ẹja,
ó ti fi téèpù so eéje pọ̀, àmùrè rẹ̀ wọ́.
"Èwo ló ń lọ síbo?" Èmi ló ń bi,
èmi tí mo di tọ́ọ̀ṣì mú.
N ò mọ̀.
Mo lóṣòó tì í, mo tún tan tọ́ọ̀ṣì, mo kà wọ́n:
mẹ́rìndínlógún.