Mílí Méjì

Àǹtí Ibídàpọ̀ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì,
ṣùgbọ́n síríńjì ò tíì fẹ̀yìn tì lọ́wọ́ wọn.
Nínú pálọ̀ wọn ní Ẹ̀gbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí òkè,
àpótí gíláàsì kan wà níbẹ̀.
Ewé tí wọ́n hú létí odò ń mì nínú rẹ̀
láìsí atẹ́gùn.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, ní àárọ̀ Sátidé,
wọn a fa ajílẹ̀ olómi sínú síríńjì,
wọn a gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, wọn a fìka ta á pẹ́ẹ́
bí ẹni fẹ́ gún ọmọ tuntun lábẹ́rẹ́.
Mílí méjì. Kì í lé, kì í dín.

Nígbà tí ọmọ wọn bímọ sí Lọ́kọ́ja, tí wọ́n lọ wẹ ọmọ,
èmi ni wọ́n fi ṣọ́ ewé.
Èmi tí mò ń gbin àgbàdo! Ẹ̀kúnwọ́ ni mo mọ̀.
Àgbàdo kì í sọ pé ó tó.
Mo wo ewé, ó ti pọ́n létí bíi tákàdá àtijọ́,
àánú ẹ̀ ṣe mí.
Mo fa márùn-ún.
Ọjọ́ kejì, mo tún fa márùn-ún.
Iná ìjọba sì dé lọ́sẹ̀ náà bí ajigbèsè tó rówó he,
mi ò pa gílóòbù tọ̀sán-tòru:
kí wọ́n jẹun, kí wọ́n máa rí ohun tí wọ́n ń jẹ.

Ọjọ́ karùn-ún, irun.
Irun tútù lára òkúta, irun tútù lẹ́nu páìpù,
èéhù bo gíláàsì títí ẹja fi di òjìji.
Ewé tí mò ń bọ́ kò sanra.
Ẹni tí mi ò pè ló jókòó ti àwo.

Mo pe Lọ́kọ́ja. "Òkun o, Tólúfàṣẹ."
Ọmọ tuntun ń ké lẹ́yìn wọn. Wọn ò bú mi.
"Ṣé ewé ló ní ebi ń pa òun, àbí ojú rẹ ló sọ bẹ́ẹ̀?
Ohun tí ewé ò bá rí jẹ tán, èéhù á bá a jẹ ẹ́.
Da ìdajì omi nù. Faṣọ bo àpótí fọ́jọ́ mẹ́ta.
Lẹ́yìn ìyẹn, iná wákàtí mẹ́fà lóòjọ́. Má fún un ní nǹkan kan."
"Ebi ò ní pa á, mà?"
"Jẹ́ kó pa á díẹ̀."

Garawa mẹ́jọ láti inú kànga.
Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín mi àtijọ́ ni mo fi ha gíláàsì.
Mo fi ìró wọn bò ó,
mo sì ń yọ́ rìn kọjá bí ẹni kọjá níbi tí aláìsàn sùn sí.

Ọjọ́ kẹrin mo ṣí i. Kò mọ́ tán.
Irun díẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ òkúta, ó wà níbẹ̀ dòní.
Ṣùgbọ́n ewé kan ti yọrí, kékeré,
ó pupa fẹ́ẹ́ bí etí ọmọ àná.

Mo padà sóko. Mo bu ajílẹ̀ kúnwọ́,
mo dúró lórí ebè, mò ń wo ọwọ́ mi.
Àgbàdo náà ń wò mí.
Ó pẹ́ kí n tó dà á.