Ojú Àwọ̀n

Dókítà Ṣótúndé fún mi ní ìwé kan, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú,
ó ní kí n lọ ka àwọn tí àìsàn náà ń bá jà
láti Pópó-Ọba dé Òkè-Balógun, kí n wọ Pápá,
kí n sọdá dé Ẹ̀jìrìn bí epo bá wà nínú ọkọ̀.
"Mélòó ni wọ́n," ló wí, "nínú ọ̀kẹ́ márùn-ún ènìyàn?"
Ìbéèrè yẹn ni mo gbé gun ọ̀kadà,
atẹ́gùn ọ̀sà ń ṣí ìwé náà, ojú ewé rẹ̀ funfun báláú.

Orúkọ tí Dókítà pè é gùn, ó dà bí orúkọ àlejò,
nítorí náà àmì rẹ̀ ni mo ń béèrè:
Ta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kú, tó tún ń jí?
Ta ni ojú rẹ̀ ṣú ní ọ̀sán gangan,
tó là lẹ́yìn oṣù kan, tó tún ṣú?
Ta ló ń rẹ̀ kí iná àárọ̀ tó ràn?
Wọ́n ní, àrọmọléegun nìyẹn.
Wọ́n ní, ọwọ́ ayé ni.
Ó tẹ ohun tí kò yẹ kó tẹ̀ létí omi.
Ọ̀lẹ ni jàre, ẹ fi í sílẹ̀.
Ilé mẹ́rìnlélógójì lọ́jọ́ kìíní.
Mo kọ òdo,
mo fi rúlà fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Bàbá Mùkáílà ń tún àwọ̀n ṣe létí omi,
abẹ́rẹ́ igi láàárín eyín.
"Kí lẹ̀ ń kà?"
Mo ní, àìsàn kan tí kò sí níbí.
Ó rẹ́rìn-ín, ó na àwọ̀n sókè sí oòrùn,
ó ki àtàńpàkò bọ ojú kan nínú rẹ̀.
"Òbòkún ni mo fi èyí ń pa.
Bí n kò bá rí edé nínú rẹ̀,
ṣé kí n wá sọ pé edé kò sí lọ́sà?"
N kò dá a lóhùn. Mo ra ẹpìyà mẹ́ta, mo lọ.

Wáyà iná ni Dókítà fi ṣàlàyé fún mi:
ara fúnra rẹ̀ ní ń jẹ rọ́bà tó bo wáyà,
kì í ṣe eku, kì í ṣe ọ̀tá.
Ibi tó bá ti ṣí,
iṣẹ́ tí orí rán sí ẹsẹ̀ a sọnù lójú ọ̀nà.
Ẹ̀rọ tó lè rí ibi tó ṣí náà jìnnà sí wa,
owó rẹ̀ sì tó ọkọ̀ ẹja kan.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni mo tó ka ilé tiwa.
Àbúrò ìyá mi, Kúbúrátù,
ẹni tó ń ránṣọ iléyá fún àdúgbò nígbà kan:
ọdún keje rèé ní yàrá ẹ̀yìn.
Ẹsẹ̀ kan a gbọ́ ti maṣíìnì, èkejì a dití.
Ó wo ìwé ọwọ́ mi.
"Ọ̀nà yàrá mi jìn o. Ó ju Ẹ̀jìrìn lọ."
Ojú tì mí. Mo jókòó sórí àpótí.

"Mélòó ni wá?"
Ẹyọ kan. Bóyá.
Dókítà á kọ ọ́ pé ó ṣọ̀wọ́n.
"Ó ṣọ̀wọ́n!" Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan.
"Bí òbòkún bá ṣọ̀wọ́n lọ́jà, ẹ ó máa du ú,
owó rẹ̀ á gòkè.
Èmi tí mo ṣọ̀wọ́n nínú ọ̀kẹ́ márùn-ún,
ta ló tíì béèrè iye mi?"

Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó kọ orúkọ ara rẹ̀.
Ọwọ́ ń gbọ̀n. Lẹ́tà tó kẹ́yìn wọ́ kọjá ìlà,
ó jáde lójú ewé, ó kan aṣọ ìbora.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo padà sí ilé àkọ́kọ́,
ilé tí mo kọ òdo fún.
Mo kan ilẹ̀kùn.
Ẹ jọ̀ọ́, mo gbàgbé nǹkan kan:
yàrá ẹ̀yìn ńkọ́?