Rósítà Méjì

Rósítà méjì ló wà lábẹ́ gíláàsì tábìlì mi ní Ìsánlú.
Mátíróònù ló fọwọ́ sí ọ̀kan:
ta ni yóò ṣiṣẹ́ òru, ta ni yóò sùn nílé.
Èmi ni mo kọ èkejì sẹ́yìn káàdì àyẹ̀wò ibà:
ọkùnrin mẹ́tàlélógún tí n kò rí rí,
tí wọ́n ń fi bàtà ẹlẹ́nu abẹ sáré lórí yìnyín,
tí wọ́n ń fi igi oníkọ́ lé rọ́bà dúdú kiri.

Àbúrò mi Dárè ló kó mi sí i,
láti Wínípẹ̀gì tó ti ń wa bọ́ọ̀sì.
"Sísítà mi, ẹ ò kúkú ń sùn lóru.
Ẹ wá kó ẹgbẹ́ tiyín jọ. Inú fóònù ni.
Àwọn tó ń gbá a ò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni àwọn."
Mo ní èló ni wọ́n ń san?
Ó ní kò sówó níbẹ̀, ìtìjú nìkan ni.

Àwa méjìlá. Mọ́kànlá ń gbé ibi tí omi ti ń dì fúnra rẹ̀.
Yìnyín tèmi kò ju ti inú kúlà àjẹsára lọ,
èyí tí mo máa ń bá oòrùn du láti ibí dé Pọ̀nyàn.
Lọ́jọ́ tí a yan ẹgbẹ́, wọ́n du àwọn gbajúmọ̀
bí ọmọdé ṣe ń du itan adìyẹ.
Nígbà tó kàn mí, ọrùn ló kù nínú àwo.

Ṣùgbọ́n ọmọ àgbẹ̀ ni mí.
Bàbá mi kì í fi iṣu ńlá ṣe èbù.
Á mú kékeré, á fi àtàǹpàkò wá ojú rẹ̀ kiri,
á ní, "Èyí ti jí."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka líìgì tí ẹnikẹ́ni kì í kà,
ní aago méjì òru, bí ọyẹ́ ti ń fẹ́ wọlé lábẹ́ ilẹ̀kùn.
Mo rí ọmọ Finlandi kan:
àmì tí àwa ń fi sábẹ́ ọ,
orí a ni wọ́n fi ru tiwọn, méjì-méjì.
Ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré ni wọ́n ń fún un.
Nínú mẹ́jọ náà, kọ̀rọ̀ tí egungun ti ń pàdé ògiri ló máa ń lọ.
Dárè rẹ́rìn-ín. "Ta wá lèyí?"
Kó tó di Kérésì, márùn-ún ti ṣèṣe nínú ẹgbẹ́ Dárè:
orúnkún, èjìká, orúnkún.
Ilé tó kun iwájú, tí kò mọ ògiri ẹ̀yìnkùlé.
Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Lóru ọjọ́ kan ní oṣù kìíní,
ọ̀kadà Nọ́ọ̀sì Ọláìyá kú sọ́nà Ẹ̀jùkù.
Dókítà wà ní Kàbà.
Obìnrin méjì ń rọbí lẹ́ẹ̀kan náà.
Mo ní ọwọ́ méjì péré.

Rẹ̀mílẹ́kún tó ń nulẹ̀ wọlé, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀.
Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo bó ṣe ń di àtùpà mú, tí iná kì í mì,
bó ṣe ń ká aṣọ kí n tó bèèrè.
Mo ti sọ fún mátíróònù. Ó ní, "Onígbálẹ̀ kẹ̀?"
Ọmọ kejì jáde, ó dákẹ́.
Rẹ̀mílẹ́kún fi aṣọ gbígbẹ fọwọ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀, ó ra á, ó ra á,
ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń rẹni lẹ́kún
ló mú ọmọ náà ké.
"Ọ̀kun o," ló wí fún un, bí ẹni pàdé àlejò lọ́nà oko.

Ilẹ̀ mọ́. Mo yẹ fóònù wò.
Ọmọ Finlandi ti gbá méjì wọlé,
lórí bẹ́ǹṣì mi. Mo gbàgbé láti mú un wọlé.
Kò kà.

Mo gbé gíláàsì tábìlì sókè.
Mo fi pẹ́ńsùlù kọ Rẹ̀mílẹ́kún sí ìsàlẹ̀ rósítà,
èyí tí mátíróònù fọwọ́ sí.
Ọjọ́ kẹsàn-án nìyí.
Kò tíì pa á rẹ́.