Okùn Kẹta

Ó lé lógójì ọdún tí mo ti ń tún ohùn dùùrù ṣe ní Tampere.
Etí mi ni oko mi, etí mi náà ni àdá.
Bí ohùn kan bá fi ìwọ̀n irun orí yẹ̀ lójú ọ̀nà,
eyín mi á kan bí ẹni tó jẹ ọsàn wẹ́wẹ́.

Nígbà tí àwọn ọmọ mẹ́ta háyà yàrá abẹ́ ilẹ̀ ilé wa,
oṣù Kejìlá, adágún méjèèjì ti dì gbagidi,
tí ariwo wọn ń gun àtẹ̀gùn wá bá mi lórí ibùsùn,
mo wọ bàtà, mo mú kọ́kọ́rọ́ iṣẹ́ mi dání.
N kò mọ ìdí tí mo fi mú un.
Ẹlòmíràn ì bá mú igi.

Jìtá Tuija burú. Kì í ṣe àsọdùn.
Okùn mẹ́fà, ọ̀kan ti já, kò sẹ́ni tó bi í léèrè.
Kauko, tó ń lẹ bàtà rọ́bà lọ́sàn-án,
ń na ìlù bí ẹni tí ìlù jẹ ní gbèsè.
Raimo kò kọrin: orúkọ ọ̀gá tó lé bàbá rẹ̀ níṣẹ́ ló ń ké,
orúkọ yẹn nìkan, léraléra,
títí orúkọ fi di ohun tí èèyàn lè tutọ́ sí.

Mo ní, “Ta ló kọ́ yín?”
Tuija ní, “Kò sẹ́ni tó kọ́ wa, bàbá. Ó hàn, àbí?”
Ó hàn. Mo gba jìtá lọ́wọ́ rẹ̀.
Okùn kẹta ti dẹ̀, ó ń ké bí ọmọ ológbò tí ilẹ̀kùn há mọ́;
mo lọ́ ọ, mo tẹ́tí, mo tún lọ́ ọ díẹ̀,
ó mọ́ gaara. Mo dá a padà
bí oníṣègùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ẹ̀gún.

Wọ́n tún un lù.
Ohun gbogbo wà ní àyè rẹ̀, orin náà sì kú.
Ohùn Raimo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò ríbi wọlé.
Tuija kò bú mi. Ó ní, “Ẹ ṣé,”
ó gbé jìtá lé itan, ó yí èèkàn padà sẹ́yìn,
kò wo ibì kankan bí kò ṣe ọ̀fun Raimo,
ó sì dá okùn kẹta dúró níbi tó ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀.
Gẹ́lẹ́. Etí mi ni ẹlẹ́rìí.
Ó ní, “Ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ máa ń fọ́ sí.”

Ẹ̀yin tí ẹ ní pọ́ńkì kò gba ọgbọ́n,
ọ̀kan nínú yín ni mí, ìjókòó mi ṣì gbóná níbẹ̀.
Mo bẹ̀ ẹ́ kí n gbìyànjú. Ìka mẹ́ta péré, kí ló le ńbẹ̀?
Ọwọ́ ọ̀tún sókè sódò, sókè sódò, bí ẹni ń fi ayùn rẹ́ igi tútù,
Kauko kò dúró de ẹnikẹ́ni.
Kí ìṣẹ́jú kan tó pé, ọrùn ọwọ́ mi ti di òkúta,
ẹ̀jẹ̀ ti yọ ní ìfábẹ̀lá.
Raimo ní ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣubú ló ń fọ ife kọfí.
Mo fọ ife.

(Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn wá síbẹ̀ lẹ́yìn wọn
tó burú lásán, burú tí kò nídìí.
N kò ní tìtorí ìfẹ́ purọ́.)

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ tún dùùrù ìyáàfin Sandelin ṣe,
ọwọ́ ń ro mí. Okùn rẹ̀ lé nígba;
mo tún gbogbo wọn ṣe, ó ku ẹyọ kan,
nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kì í sábà dé.
Mo fi í sílẹ̀ bó ṣe dẹ̀.
Mo gba owó mi, mo dé fìlà,
mo ní n óò padà wá wò ó lọ́jọ́ Ẹtì.

Ọjọ́ Ẹtì ti kọjá.